Òdo Kọ́, Odò Ni

Ọ́fíìsì ilẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Adó,
lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí fáànù rẹ̀ ń kùn bí àgbébọ̀ tó sàba.
Ìwé kan dé láti apá Ẹ̀fọ̀n:
ilé tí kò bá ju igba mítà sí ààlà,
ìjọba yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síbẹ̀.
Orúkọ mẹ́rìnlélógún. Ẹnìkejìlá ni Famúrewá,
àgbẹ̀, abà Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, ilé onípáànù kan, igi obì méjì.

Mo fi ilé rẹ̀ ṣe àmì kan lójú kọ̀ǹpútà,
kò tó orí abẹ́rẹ́.
Mo bi ẹ̀rọ pé, báwo ló ṣe jìnnà sí ìjọba ìbílẹ̀ yìí tó?
Ó ní: òdo.
Mo tún un bi. Òdo.
N kò bá a jà. Ohun tí mo bi í ló dáhùn.
Ta ní í jókòó sínú yàrá
tí yóò tún máa wọn ọ̀nà dé yàrá?
Ilẹ̀ ni mo dárúkọ, n kò dárúkọ ààlà.

Mo bá bó ilẹ̀ náà bí ẹni bó iṣu sísè,
mo gbé inú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo mú èèpo,
okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká.
Mo ní, ó yá, wọn ọ̀nà dé ìdí èèpo.
Ó ní òdo, àmì, òdo, òdo, ení, ẹ̀sán.
Kí lèyí? Dígírì ni.
Ta ló rin dígírì rí? Ta ló fi dígírì ru korobá omi?
Bọ̀sẹ̀dé tó wà ní tábìlì kejì rẹ́rìn-ín:
“Mítà lo fẹ́, o kò sọ fún un.”
Mo sọ fún un.
Igba mítà ó lé mọ́kànlá.

Mọ́kànlá.
Okùn tí mo ń sá aṣọ sí gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ẹ́ tẹ̀ ẹ́ síwèé, ọwọ́ mi kọ̀.
Mo fa máàpù súnmọ́ra, mo wo ààlà:
ó lọ tààrà bí ìlà tí ọmọ iléèwé fi rúlà fà,
èèkàn mẹ́sàn-án péré láti òkè dé ìsàlẹ̀.
Odò wo ló ń rìn báyìí nílẹ̀ olókè?

Mo wọ ọkọ̀ lọ Ẹ̀fọ̀n,
mo gun ọ̀kadà dé ibi tí agbára ọ̀kadà mọ.
Mo sọ fún Famúrewá pé òdo ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ pè é.
Ó mi orí. “Ó gbìyànjú.
Odò ni ààlà wa lóòótọ́.”
N kò ṣàlàyé.

Ó mú àdá, a sọ̀kalẹ̀
gba ìdí pèrègún tí bàbá rẹ̀ gbìn.
Gbogbo ibi tí odò ti ṣẹ́rí ni mo ti ń tẹ ẹ̀rọ ọwọ́ mi:
àmì mẹ́tàdínláàádọ́ta
níbi tí ìwé wa ti fi méjì sí.
Kò lórúkọ lójú máàpù. Àfàìmọ̀ ni wọ́n ń pè é.
Níbì kan ó yà sápá abà
bí àlejò tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀;
ibẹ̀ ló súnmọ́ ilé jù, láàárín èèkàn méjì,
kì í ṣe lẹ́sẹ̀ èèkàn kankan.

Ọgọ́jọ mítà ó lé mẹ́ta.

Famúrewá ti ka ìṣísẹ̀ tirẹ̀: ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́wàá.
Mo ní, ẹ̀rọ a máa wo òkè bí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀.
“Kó wáá bá wa ru korobá.
Lẹ́ẹ̀rùn ńkọ́, tí omi bá fà? Lójò, tó bá wọ oko?
Ta ni yóò máa sọ fún un ní Adó?”
N kò rí èsì.
Ó bọ́ bàtà rọ́bà, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ ààlà,
ó ṣan ẹrẹ̀ nù.
“Jẹ́ á lọ ulé,” ó ní, “usu ti jinná.”